Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì Láti Ìta

Àpò ìrẹsì ló kọ́kọ́ wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni tó kí ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ Alájì Funfun gbé e lé èjìká, ó sọ ọ́ kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹrù tó ti sú u, ó padà sídìí mọ́tò, ó tún gbé gálọ́ọ̀nù òróró kan wá.

"Alájì ní kí ẹ máa fi ṣe sùúrù," ó wí. "Wọ́n ní àwọn àti Lèmọ́mù ń bọ̀ kó tó di aago mẹ́wàá. Wọ́n ní kí gbogbo ilé jókòó."

Omi iyọ̀ tí yóò fi nu ojú egbò ọmọ rẹ̀ ni Ìyá Akọ́bí ń sè, kò sì gbójú kúrò lára ìkòkò. Ọkọ rẹ̀ ló ní, "Ọlọ́run á san án fún wọn o," ohùn rẹ̀ ò sì jáde dáadáa, bẹ́ẹ̀ ohùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Ládàánì ni. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní ìkọ̀rọ̀ àdúgbò yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, torí láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ń sọ ọ́ bí kò ṣe rí. Iná sọ nínú ilé ìfọṣọ Alájì Funfun. Obìnrin mọ́kànlá ló wà nínú ilé, tí wọ́n ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni èèyàn lè gbà jáde níbẹ̀, àgádágodo sì wà lára rẹ̀ láti ìta. Kì í ṣe àṣìṣe. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tì í láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nítorí Alájì ní àwọn obìnrin náà ń ró aṣọ bẹ́ẹ̀dì sábẹ́ aṣọ tiwọn gbé lọ. Kò mú ẹnì kankan rí. Ó kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, kó kan ilẹ̀kùn, kó sì dúró títí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ yóò fi ráyè.

Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ni Akọ́bí, ọmọ Ládàánì. Òun ló ń ṣọ́ géètì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n ń pè ní Dúdú sì wà lára àwọn mọ́kànlá tó ń tì mọ́lé.

Nígbà tí iná sọ, Akọ́bí ò sí lẹ́nu géètì. Alájì ti rán an lọ sí mọ́ṣáláṣí pé kó kó omi àti dàbínù lọ fún àwọn tó ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ Ajé. Sàráà ni. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀ níbi tó ti ń to omi sílẹ̀, tó gbójú sókè, tó rí èéfín. Ó sáré títí bàtà fi bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìgbà tó débẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rí ilẹ̀kùn ṣí.

Mẹ́sàn-án nínú wọn jáde pẹ̀lú ikọ́ àti ìpayà. Iná bó ẹ̀yìn àti apá òsì Dúdú. Ẹni kọkànlá ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, torí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Òun ló da aṣọ bẹ́ẹ̀dì tútù bo Dúdú nígbà tó ṣubú, òun ló sì ń tì í síwájú nínú èéfín títí wọ́n fi dé ẹnu ilẹ̀kùn. Òun ló jáde kẹ́yìn. Ó wà nílé ìwòsàn láti ọjọ́ náà. Kò ní ẹbí kankan nílùú, ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń lọ ní tirẹ̀, àmọ́ ọdún mẹ́ta ni òun àti Dúdú ti jọ ń fún aṣọ, tí ọ̀kan ń di etí kan mú, tí èkejì ń di etí kejì, tí wọ́n ń lọ́ ọ síra wọn títí omi fi tán lára rẹ̀.

Ìdí tí ìrẹsì fi wá láàárọ̀ nìyẹn. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀ràn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ sí ilé ìfọṣọ láti wá gba ẹnu àwọn èèyàn sílẹ̀. Kó tó dé, Alájì fẹ́ kí ilé Ládàánì ti tọwọ́ bọ ìwé kan. Akọ̀wé rẹ̀ ti wá ka ìwé náà fún wọn lánàá. Ó ní ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ó ní Ẹlẹ́rìn-ín ló gbé sítóòfù wọlé láti fi gbé oúnjẹ rẹ̀ kaná, sítóòfù náà ló sì bú.

"Ẹ ṣí ìrẹsì náà wò," Ládàánì wí. Búrẹ́dì àti tíì wà níwájú rẹ̀, kò tíì fọwọ́ kàn án.

"Ṣé ìrẹsì ni yóò hu awọ sí ọmọ mi lẹ́yìn?" ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá Akọ́bí. Mo ní ọkùnrin náà ń gbìyànjú. Òun ló sanwó ilé ìwòsàn. Ó ní ká dárí ji òun. Ọlọ́run fẹ́ràn ẹni tó bá ń dárí jini."

"Èwo wá ni tìwé? Àforíjìn náà ti ń lo ìwé ni?"

Obìnrin náà gbé ìkòkò kalẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó wo Akọ́bí tó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ó ti di ọjọ́ karùn-ún tí ọmọ náà ò jẹun gidi. Omi ló ń mu. Bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, á mi orí.

"Àmọ́ a ó tọwọ́ bọ̀ ọ́," obìnrin náà wí jẹ́jẹ́. "Kì í ṣe tìtorí ìrẹsì ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ní ilẹ̀kùn wà ní títì, ta ni wọ́n máa mú? Ṣé Alájì ni? Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀ ni. Ọ̀kan ti jóná lọ́wọ́ mi. Ẹ fẹ́ kí ìkejì lọ sẹ́wọ̀n?"

"Màmá." Láti yàrá inú ni ohùn Dúdú ti wá, lẹ́yìn kọ́tìnì. Ìdojúbolẹ̀ ló ń sùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wálé. "Ẹlẹ́rìn-ín ò gbé sítóòfù kankan wọlé."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì fẹ́ kí n tẹ̀ka sí i?"

"Ẹlẹ́rìn-ín ò lọ́mọ, kò lọ́kọ, kò ní bàbá tí ojú máa tì. Kí ni orúkọ burúkú lè fi ṣe é tó ju ohun tó ti bá a lọ?"

Obìnrin náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó rí i pé ọkọ òun ń wo ilẹ̀. Ó dìde, ó ki aṣọ bọ omi iyọ̀, ó fún un, ó tún kì í bọ̀ ọ́, ó tún fún un, kò sì wọ yàrá lọ.

Ìyá Ojúlé Kejì, tí ògiri kan ṣoṣo pín yàrá rẹ̀ àti tiwọn, wọlé láìkanlẹ̀kùn. Ó ní aláìsàn lòun wá wò. Ojú rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, orí àpò ìrẹsì ló balẹ̀ sí.

"Alájì mà lójú àánú o," ó wí. "Ọ̀gá ibòmíì ò ní yọjú rárá. Ẹ gbà, ẹ jẹ. Ọ̀rọ̀ tó ti ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àyànmọ́ ni."

"Ta ló yàn án?" Dúdú béèrè láti inú.

"Háà! Ọmọ yìí, má sọ̀rọ̀ báyẹn. Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run ò ra àgádágodo, Màmá. Alájì ló rà á. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó mú un wá, ó ṣì wà nínú ọ̀rá."

Ìyá Ojúlé Kejì wo Ládàánì bóyá yóò bá ọmọ rẹ̀ wí. Ládàánì bu búrẹ́dì, kò jẹ ẹ́. Obìnrin náà ní òun ní nǹkan lórí iná, ó bá tirẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ọ níta tó ń sọ fún ẹlòmíì pé ilé Ládàánì ti ń gbéra ga, pé wọ́n gbé odindi àpò ìrẹsì wá fún wọn, wọn ò lè sọ pé ẹ ṣeun.

Aago mẹ́wàá ku díẹ̀ nígbà tí Alájì Funfun dé. Aṣọ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, kì í wọ àwọ̀ mìíràn. Ó funfun débi pé bó ṣe wọlé, yàrá náà dà bíi pé ó dọ̀tí lójijì, bẹ́ẹ̀ Ìyá Akọ́bí ti gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Lèmọ́mù tẹ̀ lé e, ọkùnrin kékeré kan tí ikọ́ ń dà láàmú, akọ̀wé sì kẹ́yìn pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. Wọ́n jókòó. Wọ́n kí ara wọn títí. Alájì gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹkún náà kì í ṣe ẹ̀tàn pátápátá. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tó lè sunkún báyẹn lórí egbò ni kò lè ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ tọ̀.

Lèmọ́mù mú ọ̀rọ̀ ìdáríjì wá. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó ní ẹni tó bá mójú kúrò nínú àṣìṣe ẹlòmíràn, Ọlọ́run yóò mójú kúrò nínú tirẹ̀ lọ́jọ́ ìdájọ́. Ládàánì ń ṣe àmín. Ìyàwó rẹ̀ náà ṣe é, ohùn rẹ̀ ò ròkè.

"Màmá, ẹ bá mi ká kọ́tìnì yẹn sókè," ni Dúdú wí.

Ìyá rẹ̀ wọlé, ó da ìborí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó lórí, ó ká kọ́tìnì náà. Gbogbo wọn rí i: apá tí wọ́n fi báńdéèjì wé títí dé ọrùn ọwọ́, omi egbò tó ti yọ lójú báńdéèjì, ojú tó wú. Akọ̀wé wo òrùlé.

"Lèmọ́mù, ẹ má bínú, mi ò lè jókòó."

"Sọ̀rọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa nílé kéú pé ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ ló ni ìdáríjì. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló rí?"

"Bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ohun tí ẹ̀dá bá jẹ ẹ̀dá níyà, ọ̀dọ̀ ẹni tó jìyà náà ni kí wọ́n ti lọ bẹ̀bẹ̀. Ẹlòmíì ò lè bá a fi tọrẹ."

"Ó dáa. Ẹ̀yìn mi tó jó, tèmi ni. Mo lè dárí jì wọ́n, mo lè má dárí jì wọ́n, n óò rò ó. Ti Ẹlẹ́rìn-ín ńkọ́? Ta ló ni ín?"

Lèmọ́mù wúkọ́. "Òun ló ni ín."

"Kì í ṣe mùsùlùmí o."

"Kò sí ohun tó kan ìyẹn. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, Ọlọ́run kì í bi í ní ẹ̀sìn tó ń ṣe kó tó gbọ́ igbe rẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Lèmọ́mù. Ẹ bá wa ka ìwé tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé yẹn."

Akọ̀wé fún fáìlì mọ́ra. Ohun tí wọ́n sọ fún Lèmọ́mù ni pé ìwé àforíjìn ni. Kò sẹ́ni tó kà á fún un, òun náà ò sì béèrè. Ó na ọwọ́ síwájú, kò gbé e wálẹ̀, títí akọ̀wé fi yọ ìwé náà fún un. Ó wá awò ojú rẹ̀ jáde. Ó kọ́kọ́ ń kà á sókè, nígbà tó dé ìlà kẹrin, ohùn rẹ̀ wọlẹ̀, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì.

"Alájì, wọ́n ní ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí."

"Ọ̀rọ̀ òfin ni, Lèmọ́mù. Lọ́yà ló kọ ọ́."

"Ṣé ó wà ní ṣíṣí?"

Akọ́bí ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká má fa ọ̀rọ̀ gùn," Alájì wí. Omi ojú rẹ̀ ti gbẹ. "Ta ló tẹ́ ilẹ̀ mọ́ṣáláṣí? Gbohùngbohùn tí Ládàánì fi ń pe ìrun, ta ló rà á? Ogójì èèyàn ló ń jẹun lábẹ́ mi. Bí ìjọba bá ti ilé ìfọṣọ pa, ta ni yóò bọ́ wọn?" Ó yíjú sí Akọ́bí, ó dẹ ohùn sílẹ̀. "Ìwọ lo sì ni kọ́kọ́rọ́ lápò, ọmọ mi. Ìwọ ni mò ń gbìyànjú láti yọ nínú ewu."

Ìyá Akọ́bí di etí ìró rẹ̀ mú ṣinṣin. Ohun tó ń bẹ̀rù látàárọ̀ nìyẹn, wọ́n sì ti sọ ọ́ níṣojú rẹ̀.

Lèmọ́mù ká ìwé náà, ó fi í sápò. "Ẹ jẹ́ ká lọ kírun ná," ó wí. Bẹ́ẹ̀, ìrun ṣì kù ju wákàtí méjì lọ. Ẹ̀rù ń bà á.

Ládàánì pe ìrun Jímọ̀ọ̀ lọ́jọ́ náà bó ṣe máa ń pè é. Lẹ́yìn náà ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mínbárì tí Lèmọ́mù ti máa ń wàásù, ó ń retí wáàsí. Alájì wà ní ìlà àkọ́kọ́, lórí ẹní ìkírun tirẹ̀. Lèmọ́mù wàásù lórí ìmọ́tótó. Ó sọ̀rọ̀ nípa àlùwàlá, nípa aṣọ mímọ́, nípa ojú ọ̀nà tí ó yẹ kí èèyàn máa gbá. Láàárín wáàsí náà, ó dúró. Ó mu omi. Ó wo ìlà àkọ́kọ́, ó fọwọ́ kan àpò rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣí. Gbogbo mọ́ṣáláṣí dúró dè é. Ó wúkọ́, ó sì ṣàdúrà fún òjò.

Ládàánì jókòó síbẹ̀. Bí ogún ọmọ ló ti kọ́ nílé kéú ní àṣẹ Ọlọ́run kan láti ọdún wọ̀nyí wá: kí èèyàn dúró ti ẹ̀tọ́, kó jẹ́rìí òtítọ́, kódà kó jẹ́ pé ara òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí náà yóò bá, tàbí òbí rẹ̀, tàbí ẹbí rẹ̀, kó má wo ti olówó, kó má wo ti tálákà. Ó mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti fa ohùn, ó mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti gé e. Bí ọmọ bá ṣì í pè, á dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ohùn ló ń tún ṣe fún wọn ní gbogbo ọdún yẹn. Kò jókòó rò ó rí pé ọ̀rọ̀ náà lè wá bá òun nínú yàrá òun.

Bí wọ́n ti kírun tán, Alájì gbá a lápá mú. "Wá tọwọ́ bọ ẹ̀dà kejì. Ó wà nínú mọ́tò."

"Ẹ jẹ́ kí n délé ná," ni Ládàánì dáhùn.

Nílé, ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀. Obìnrin tó ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án, ti sáré dé láti ilé ìwòsàn láìdé gèlè. Ẹlẹ́rìn-ín ti kú. Nọ́ọ̀sì ní aago méjìlá kọjá díẹ̀ ni.

Dúdú ò kígbe. Ó ti ojú bọ ìrọ̀rí, ó fi eyín dì í mú, wọ́n sì rí i tí ẹ̀yìn rẹ̀ tó jó ń lọ sókè sódò lábẹ́ báńdéèjì. Ìyá rẹ̀ fẹ́ fọwọ́ kàn án, kò mọ ibi tí yóò fọwọ́ kàn tí kò ní dùn ún.

Akọ́bí dìde. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n gbọ́ tó ń da omi sára. Ó padà wọlé pẹ̀lú aṣọ tó mọ́, ó mú búrẹ́dì tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán ní ìdúró. Ó mu tíì tó ti tutù lé e.

"Aago mélòó lẹ ní ọkùnrin ìjọba yẹn ń dé?"

Ìyá rẹ̀ ti mọ ibi tó ń lọ. Ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì sí férémù. "O ò jáde níbí."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

"Wọ́n á tì ọ́ mọ́lé! Ṣé o ò gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn wí ni? Alájì ló rán ọ, ìwọ kọ́ lo gbèrò rẹ̀!"

"Ó rán mi. Ọwọ́ mi ló sì ń yí kọ́kọ́rọ́." Ohùn rẹ̀ ti há nítorí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ Ajé. "Màmá, wọ́n máa ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n á ní, Akọ́bí, jọ̀ọ́, a fẹ́ tọ̀. Màá ní kí wọ́n ṣe sùúrù, mò ń mu tíì lọ́wọ́. Dúdú náà á kàn án, màá ní kó ṣe sùúrù. Kì í ṣe Alájì ló ń sọ ìyẹn. Èmi ni."

Ìgbà yẹn ni Ládàánì dé, ó bá ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà yíjú sí i. Bí ẹnì kan bá máa dá ọmọ náà dúró, òun ni. Wọ́n sọ fún un pé Ẹlẹ́rìn-ín ti lọ. Kò sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ tí èèyàn bá kú. Ó wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó wo kọ́tìnì yàrá inú.

"Ìyá Akọ́bí, yà fún un," ó wí. "Èmi náà ń bá a lọ."

Ọwọ́ obìnrin náà ò tètè kúrò lára férémù. Nígbà tó kúrò, ó dà bíi pé ẹlòmíì ló bá a ká a kúrò.

Wọ́n ti kun ilẹ̀kùn ilé ìfọṣọ ní ọ̀dà tuntun. Kò sí àgádágodo níbẹ̀ mọ́, wọ́n tún yọ irin tí wọ́n fi ń kọ́ ọ kúrò. Àmọ́ òórùn aṣọ jíjó ṣì gba gbogbo àgbàlá. Ọkùnrin ìjọba ti jókòó sídìí tábìlì kékeré kan lábẹ́ ibòòji, ìgò míńírà tútù wà níwájú rẹ̀, Alájì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin tó kù dúró sẹ́nu géètì. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n wọlé.

Akọ́bí lọ bá tábìlì náà tààrà. "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mò ń ṣọ́ géètì níbí. Ilẹ̀kùn wà ní títì lọ́jọ́ Ajé. Ojoojúmọ́ ló ń wà ní títì. Alájì ló ní kí n máa tì í, èmi ni mo sì tì í. Kò sí sítóòfù kankan."

Ọkùnrin ìjọba ò kọ nǹkan kan. "Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ? Ara rẹ lò ń rán lọ sẹ́wọ̀n yẹn o."

"Ẹ kọ ọ́, ọ̀gá," Ládàánì wí.

"Ta ni yín?"

"Bàbá rẹ̀ ni mí. Èmi náà ni bàbá ọmọ tó jóná. Ẹ kọ ọ́."

"Ládàánì!" Alájì ti dìde. "Ìwọ! Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ṣe!"

"Alájì, ẹ ṣeun. Ẹ bá mi gba gbohùngbohùn yín padà. Ibi tí ohùn mi bá mọ, kó mọ síbẹ̀."

Ọkùnrin ìjọba ṣì ń fi bírò gbá tábìlì. Ó wo Alájì, ó wo ìgò míńírà, ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí, pé àwọn máa nílò ẹ̀rí. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn wọn. Lèmọ́mù ni. Òógùn ti bo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi rìn débẹ̀. Ó fa ìwé yọ lápò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án.

"Ìwé tí wọ́n ní kí n gbà wọ́n níyànjú láti tọwọ́ bọ̀ nìyí," ó wí. "Orúkọ Alájì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, wọn ò lè dáhùn. Ẹ kọ orúkọ tèmi náà sílẹ̀. Orí mínbárì ló yẹ kí n ti sọ ọ́, lónìí, níwájú gbogbo èèyàn. Mi ò sọ ọ́. Ìyẹn wà láàárín èmi àti Ẹlẹ́dàá mi."

Ọkùnrin ìjọba ti ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Àwọn obìnrin ò dúró kí wọ́n pè wọ́n mọ́. Wọ́n wọlé, wọ́n yí tábìlì ká, kálukú ń sọ tirẹ̀, ẹni tó ní òun tọ̀ sára lọ́jọ́ kan, ẹni tó lóyún tó dákú sínú ooru, tí wọn ò ṣílẹ̀kùn fún títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nígbà tó kọ ọ́ tán, ọkùnrin ìjọba ránṣẹ́ pe àwọn ọlọ́pàá, wọ́n sì dé. Wọ́n gbá Akọ́bí mú, wọ́n tì í sẹ́yìn ọkọ̀ wọn. Ọ̀gá wọn yíjú sí Alájì, ó tẹrí ba díẹ̀, ó ní, "Alájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi mọ́tò yín tẹ̀ lé wa bọ̀."

Obìnrin tó ń lọ aṣọ jókòó sílẹ̀ níwájú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Kò pariwo. Ìkejì jókòó tì í, ìkẹta náà jókòó. "Mọ́tò kan náà ni wọ́n jọ máa wọ̀," ó wí. "Ẹni tó tì í àti ẹni tó ní kó tì í." Wọ́n bẹ̀ wọ́n, wọ́n halẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n tan iná ọkọ̀ sí wọn lójú. Ládàánì lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn nínú iyanrìn. Lèmọ́mù ká aṣọ rẹ̀ sókè, òun náà jókòó. Ó tó wákàtí kan. Nígbà tó yá, Alájì Funfun gun ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó sì jókòó sórí pákó kọjú sí Akọ́bí.

Ìyá Akọ́bí ò tẹ̀ lé wọn dé ibẹ̀. Ó ti pa báńdéèjì Dúdú dà, ó fi ìborí bora, ó gbọ̀nà ilé ìwòsàn. Obìnrin tó ń lọ aṣọ bá a níbẹ̀ nírọ̀lẹ́, tiyanrìn-tiyanrìn, ó sì ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ìyá Akọ́bí gbọ́ pé wọ́n ti gbé ọmọ òun lọ. Ó dúró, ó di ògiri mú díẹ̀, ó sì ń bá a lọ sídìí fèrèsé tí wọ́n ti ń gba òkú.

Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ fa ìwé kan jáde. "Kí lẹ jẹ́ sí i?"

"Òun ló gbé ọmọ mi jáde nínú iná."

"Màmá, ìbátan ni mo ní kí ẹ sọ. Mo ní láti kọ nǹkan kan síbí."

Ìyá Akọ́bí rántí ohun tó sọ láàárọ̀, pé Ẹlẹ́rìn-ín ò lọ́mọ, kò lọ́kọ.

"Kọ ọ́ pé èmi ni ìyá rẹ̀," ó wí.

Akọ̀wé kọ ọ́. Ó yí ojú ìwé sí òdìkejì. "Ohun tó jó o, wọ́n ti kọ ọ́ síbí látọjọ́ tí wọ́n gbé e dé. Sítóòfù tó bú."

"Pa á rẹ́."

"Màmá..."

"Mo ní kí o pa á rẹ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá bi ọ́, ní ìyá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà wò ó títí. Ó fa ìlà sórí ohun tó wà níbẹ̀, ó kọ òmíràn sókè rẹ̀. Ìyá Akọ́bí ò mọ̀wé. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e fún obìnrin tó ń lọ aṣọ, ó ní kó ka ohun tí akọ̀wé kọ jáde. Obìnrin náà kà á. Ìyá Akọ́bí ní kó tún un kà.